Ìtọ́ka Mọ́kànlá Tí Kò Sí Níbì Kankan

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo san fún ọmọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá gééètì yunifásítì, pé kó bá mi to ìtọ́ka ìsàlẹ̀ ìwé ìwádìí mi lórí òfin àgbáyé, ìyẹn ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé fíláàṣì mi fún un. "Àǹtí Lọ́yà, ẹ lọ sinmi," ló wí, "kó tó di ọ̀sán ọ̀la, gbogbo ẹ̀ á ti gún régé." Ó sì gún régé lóòótọ́. Ìtọ́ka 84 ló wà nínú ìwé náà: kọ́mà wà níbi tí kọ́mà ń gbé, orúkọ ẹjọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe yẹ kó fì, ọdún wà nínú àkámọ́. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ lófìfo, tí mo kàn kọ "wá a" sí, ó ti bá mi wá wọn. Inú mi dùn débi pé mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan sí i kó fi mu kóòkì.

Ọjọ́ kẹjọ ni Prọ̀f, olùkọ́ mi, dá ìwé náà padà. Wọn ò fa ìlà kiri inú rẹ̀. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ìtọ́ka 14, wọ́n tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìtọ́ka 23, wọ́n tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìtọ́ka 39: "Níbo lo ti rí èyí?"

Mi ò rí i níbì kankan. Ìtọ́ka 14 ní Kóòtù Àgbáyé (ICJ) tó wà ní Hague sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹjọ́ tó pè ní "Nigeria v. Cameroon (Advisory Opinion)". Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kan wọ òfin àgbáyé á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò lórí, kò nídìí. Kamẹrúùnù ló pè wá lẹ́jọ́, àwa kọ́ la pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn kì í ṣe ẹjọ́: àjọ UN àti àwọn àjọ abẹ́ rẹ̀ ló ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ kóòtù náà, orílẹ̀-èdè kì í béèrè é. Àṣé ọmọ náà ti kó gbogbo àlàfo mi sẹ́nu ẹ̀rọ AI kan, ẹ̀rọ náà sì fi ohun tó jọ òótọ́ dí ihò kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ti ń wọ wíìgì lọ sí kóòtù láti ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo gbé e dání lọ fún olùkọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá padà, mo sì gbà á gbọ́ nígbà tó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń purọ́. Iṣẹ́ tí kò ṣeé bẹ̀ ẹlòmíràn ni mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni àwọn nǹkan mẹ́ta tí mo fi tún ìwé náà ṣe fúnra mi, láàárín òru mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn: ìkànnì Kóòtù Àgbáyé, ìkànnì àdéhùn ti UN, àti Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ènìyàn to ìtọ́ka. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dáta nìkan ló ná mi lówó, àti epo jẹnẹrétọ̀ ní òru méjì tí wọ́n mú iná lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń kọ, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Bakassi ni, ilẹ̀ etí òkun tí àwa àti Kamẹrúùnù jọ du ní kóòtù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ náà. Ìbéèrè kan péré ni mo mú nínú rẹ̀: bí olórí orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ ara rẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn, tí òfin ilé rẹ̀ sì ní ó yẹ kí àwọn kan fọwọ́ sí i kó tó lè múlẹ̀, ṣé àdéhùn náà de orílẹ̀-èdè náà? Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1975 ni Gowon àti Ahidjo ti Kamẹrúùnù tọwọ́ bọ ìwé Maroua, tó fa ààlà àwọn méjèèjì síwájú lórí òkun. Oṣù méjì ò tíì pé tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Nígbà tí ẹjọ́ dé Hague, Nàìjíríà ní àwọn ò gba ìwé yẹn, pé ìgbìmọ̀ ológun tó ga jù lọ nígbà náà ò fọwọ́ sí i rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ìkànnì Kóòtù Àgbáyé ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, nọ́ńbà tó ní nínú ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù náà ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Tiwa ni 94. Tí ẹ bá ti wọlé síbẹ̀, gbogbo ìrìn ẹjọ́ náà wà nílẹ̀: ìwé ìpẹ̀jọ́ tí Kamẹrúùnù fi sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1994, àṣẹ ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1996 tí kóòtù pa nígbà tí àwọn ológun méjèèjì ń yìnbọn fún ara wọn, ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1998 lórí àtakò tí a kọ́kọ́ gbé dìde pé kóòtù ò lágbára láti gbọ́ ọ, bí Equatorial Guinea ṣe gba àyè láti dá sí i ní ọdún 1999, títí dé orí ìdájọ́ gan-an, ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002. Ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì kọ wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn lọ́yà fi ẹnu sọ níwájú àwọn adájọ́ wà níbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀, ẹ ò ní wá páásìwọọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè dọ́là lọ́wọ́ yín. Èmi tí mo ti ń sanwó ní ọdọọdún kí n tó lè ka ìdájọ́ kóòtù ilẹ̀ wa, mo jókòó wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ náà ò le. Wọ́n ti kó àwọn ìdájọ́ náà jọ sínú ìwé tó ń jẹ́ I.C.J. Reports. Tiwa wà nínú ti ọdún 2002, ó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé 303. Ẹ má fi ojú ìwé tọ́ka sí ohun tí ẹ ń sọ o, ìpínrọ̀ ni kí ẹ fi tọ́ka. Gbogbo ìpínrọ̀ ló ní nọ́ńbà, 325 ni gbogbo rẹ̀, ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn yẹn sì ni àṣẹ kóòtù fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní "Kóòtù pàṣẹ pé" tó wá tọ́ka sí ìpínrọ̀ 209, kò tíì ka ìdájọ́ náà tán: àlàyé ló wà ní 209, níbi tí kóòtù ti sọ pé Gẹ̀ẹ́sì lágbára ní ọdún 1913 láti bá Jámánì pín ààlà. Àlàyé yàtọ̀ sí àṣẹ, bí ẹ̀mú ṣe yàtọ̀ sí ẹyín iná.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra ni pé oríṣi ìwé mẹ́ta ló jọra lójú lórí ìkànnì náà. Ìdájọ́ wà. Àkékúrú ìdájọ́ wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ṣe fún ẹni tí kò ráyè. Ìkéde fún àwọn oníròyìn náà wà. Méjì tó kẹ́yìn yìí dùn ún kà, wọ́n sì kúrú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sí wọn lára gbangba pé wọn kì í ṣe ìwé tí kóòtù fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Mo rí ìtọ́ka mẹ́rin nínú ìwé mi tó jẹ́ pé àkékúrú ni mo kà, tí mo sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìdájọ́ ni mo kà. Èyí ò tọwọ́ ọmọ onítẹ̀wé wá. Èmi ni.

Èyí tó tún burú jù ú lọ, èmi náà ni. Ìtọ́ka 39, tí Prọ̀f fi bírò pupa sí, gbólóhùn kan tó dùn ni, lórí àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọba àti ìjòyè Calabar Àtijọ́ ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1884. Mo kọ ọ́ pé Kóòtù ló sọ ọ́. Ibi tí mo ti rí i, ẹni tó kọ ìwé yẹn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá a nínú ìdájọ́ láti òkè dé ilẹ̀, mi ò rí i. Nígbà tó di aago kan òru ni mo wo ìsàlẹ̀ yàrá nọ́ńbà 94 yẹn, níbi tí wọ́n to èrò àwọn adájọ́ kọ̀ọ̀kan sí, fáìlì ọ̀tọ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló wà, nínú èrò Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Olówu ti Abẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn láti jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́ nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n ti ṣe adájọ́ nínú kóòtù yẹn fúnra wọn láti 1991 sí 1994. Lórí Bakassi, adájọ́ mẹ́tàlá ló gbè sí ẹ̀yìn Kamẹrúùnù, mẹ́ta ò gbà: Koroma, Rezek, àti Ajíbọ́lá. Èrò ẹni tí kò gbà ni mo gbé bọ àwọn mẹ́tàlá tó gbà lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà ṣì dára, mo ṣì lò ó, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni ín ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni èmi náà. Ojú tì mí pé mi ò dá ohùn ará ilé mọ̀.

Màmá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀ ọjà. Tí wọ́n bá gbé aṣọ wá pé ẹlẹ́kọ ni, wọn kì í ṣòfò lórí iwájú rẹ̀, wọ́n á yí i padà. Ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ yà sí, ẹ̀yìn á wá mu aró yó. Tí ẹ̀yìn bá ṣá, tó dà bíi pé aró ò débẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ì báà ṣe pé iwájú rẹ̀ ń dán bí oṣù. Ìtọ́ka tí ẹ̀rọ AI fún ọmọ yẹn, iwájú rẹ̀ dán: orúkọ àwọn tó bá ara wọn ṣẹjọ́, ọdún, ojú ìwé, gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo fi yẹ̀ wọ́n wò ò ju ti Ìtòkú lọ. Mo yí wọn padà.

Ìkànnì àdéhùn ti UN ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Abala 102 nínú ìwé òfin tó dá àjọ UN sílẹ̀ ló ní kí orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú àjọ náà wá forúkọ àdéhùn tó bá ṣe sílẹ̀, kí UN sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tí wọn ò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò lè fi gbèjà ara wọn níwájú ẹ̀ka àjọ náà kankan. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n ń kó àwọn àdéhùn náà jọ sí, tí wọ́n ń pè ní UNTS (United Nations Treaty Series), fi pọ̀ bíi yanrìn. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ìkànnì náà, àwòrán ojú ìwé gan-an, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti orúkọ ẹni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ má fi ìnagijẹ wá àdéhùn níbẹ̀ o. Àwa ń pe ìwé ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2006 ní Greentree, nítorí ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n orúkọ àbísọ rẹ̀ gùn bí oríkì: ó sọ̀rọ̀ nípa bí Nàìjíríà ṣe máa kó kúrò ní Bakassi àti bí wọ́n ṣe máa fa àṣẹ ibẹ̀ lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Orúkọ orílẹ̀-èdè méjèèjì àti ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni kí ẹ fi wá a. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tí ẹ bá ti mọ èyí. Kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, ẹ lè fi odidi òru wá ohun tó wà níwájú yín.

Ibi tí ìkànnì yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú ni Àdéhùn Vienna ti ọdún 1969, èyí tó sọ bí àdéhùn ṣe ń di àdéhùn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé Maroua ní 1975, Àdéhùn Vienna ti de orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìtọ́ka rẹ̀ pé pérépéré: 1155 UNTS 331. Kò sí ẹni tó lè rí àléébù lára rẹ̀. Mo kàn ní kí n ṣí ojú ìwé tí wọ́n ti ń kọ ipò àdéhùn, níbi tí ẹ ti máa rí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó wọlé. Nàìjíríà: ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1969. Ó yá mi lórí. Kamẹrúùnù: ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1991. Mo tún un kà. Mo gbójú sókè, mo rí ọjọ́ tí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 1980. Ní 1975 tí mo ń sọ, àdéhùn náà ò tíì de ẹnikẹ́ni. Abala 4 inú rẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé kì í ṣiṣẹ́ sẹ́yìn.

Ìtọ́ka tó tọ̀nà lábẹ́ gbólóhùn tó jẹ́ irọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá mi rí ìyẹn, ọmọ onítẹ̀wé ò lè rí i, Prọ̀f pàápàá ò tíì rí i. Mo tú odidi ojú ìwé méjì palẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé ìlànà tó wà nínú àdéhùn náà ni Nàìjíríà gbára lé níwájú kóòtù, pé ó yẹ kí Kamẹrúùnù ti mọ̀ pé olórí wa ò lè dá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Kóòtù dá a lóhùn ní ìpínrọ̀ 265: òótọ́ ni pé òfin tó sọ ẹni tó lè tọwọ́ bọ àdéhùn jẹ́ òfin pàtàkì nílé onílé, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fi dí olórí orílẹ̀-èdè yín lọ́wọ́, tí ẹ ò bá kéde rẹ̀ dáadáa, kò lè hàn sí ará ìta. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ní orílẹ̀-èdè kan ò ní láti máa tọ pinpin òfin ilé òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìwé mi dúró lé, díẹ̀ ló kù kí n fi ìpìlẹ̀ tí kò sí gbé e ró.

Ó tún dùn mí nítorí ẹni tó lọ́wọ́ nínú Àdéhùn Vienna yẹn. Taslim Ọláwálé Elias, ọmọ Èkó, ni alága ìgbìmọ̀ gbogboogbò níbi àpérò Vienna ní 1968 àti 1969, níbi tí wọ́n ti gbé abala kọ̀ọ̀kan yẹ̀wò. Àwọn náà ló wá di ààrẹ Kóòtù Àgbáyé láti 1982 sí 1985, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dépò náà. Ó yẹ kí èmi mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀.

UN ò sí ní 1884, kò sí ní 1913, nítorí náà ẹ má wá àdéhùn àtijọ́ lọ sínú UNTS. Ìtọ́ka 23 wà fún àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1913, èyí tó gbé Bakassi lọ. Ẹ̀rọ AI ní ó wà nínú ìwé Hertslet lórí àwọn àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà, ìtẹ̀jáde kẹta, 1909. Ìwé gidi ni ìwé Hertslet, òpìtàn wo ni kò mọ̀ ọ́n? Àmọ́ ẹ tún ọdún yẹn kà. Wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìbí nígbà tó ku ọdún mẹ́rin kí ìyá rẹ̀ tó lóyún. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo padà sínú ìdájọ́ 2002, níbi tí kóòtù ti fa ọ̀rọ̀ abala XVIII títí lọ yọ, mo sì kọ ọ́ báyìí pé inú ìdájọ́ ni mo ti rí i. Àwọn kan rò pé irú ìtọ́ka bẹ́ẹ̀ máa ń dójú ti ènìyàn. Èmi ò rí ìtìjú nínú ẹ. Ẹni tó bá ka ìwé mi á mọ ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé.

Zotero ńkọ́? Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, ọ̀fẹ́ ni títí dòní, àyè 300 MB ni wọ́n sì fún ẹni tí kò bá sanwó láti kó fáìlì sí orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ó ń bá ènìyàn tọ́jú ìwé, ó ń tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ní ìlànà tí ẹ bá yàn, tí ẹ bá sì yọ ìtọ́ka 12 kúrò, ó mọ bó ṣe máa sọ 13 di 12. OSCOLA wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìlànà ìtọ́ka òfin ti àwọn ará Oxford. Fákọ́tì tiwa ń lo ti NALT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ òfin ní Nàìjíríà, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ṣe àtúnṣe tó kù. Wọ́n dá àpótí lọ́tọ̀ fún ẹjọ́ àti fún òfin ilé ìgbìmọ̀, àmọ́ kò sí fún àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹ máa wá ibi tí ẹ máa há a sí. Fún ẹni tó ń kọ ìwé lórí òfin àgbáyé, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwọ̀. Ó jẹ́ kí ènìyàn fi àmì aláwọ̀ sára ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo fi àwọ̀ ewé sí èyí tí mo ti ṣí, tí mo sì fi ojú mi ka ìpínrọ̀ tí mo ń tọ́ka sí. Mo fi pupa sí èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òru àkọ́kọ́, pupa gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bí ọjà tátàsé. Ẹ̀rọ náà ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ o. Ohun tí ẹ bá há sí i ló ń tò, tí ẹ bá há irọ́ sí i, irọ́ tó gún régé ni yóò pọ̀ jáde.

Èyí tó jẹ́ tilẹ̀ wa, abala 12 nínú ìwé òfin 1999, tó ní àdéhùn ò ní agbára òfin nílé àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ bá sọ ọ́ di òfin, àti ẹjọ́ Abacha v Fawehinmi ti ọdún 2000, mi ò fi ẹ̀rọ wá a rárá. Mo gbé àga sí ìdí pẹpẹ ìwé ní ṣéńbà, mo fa NWLR (Nigerian Weekly Law Reports) apá 660 yọ, mo sì ṣí ojú ìwé 228. Eruku sọ mí sínú ikọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé Gàní Fawẹ̀hìnmi tó pe ìjọba lẹ́jọ́ náà ló dá ìwé tí wọ́n tẹ ìdájọ́ rẹ̀ sí sílẹ̀.

Ìṣirò mi nìyí lẹ́yìn òru mẹ́sàn-án: nínú ìtọ́ka 84, mọ́kànlá ò sí láyé. Mẹ́fà wà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí mo ní wọ́n sọ. Mẹ́sàn-án ló ṣì ìpínrọ̀ tàbí ojú ìwé. Mi ò dá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní New York, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ AI dá sílẹ̀ wá síwájú rẹ̀, nínú ẹjọ́ èrò ọkọ̀ òfuurufú kan tó ní kẹ̀kẹ́ oúnjẹ gbá òun léèékún. Ẹjọ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú Àdéhùn Montreal lórí ìrìn-àjò òfuurufú ni, àdéhùn tó wà ní gbangba tí ọmọdé lè ṣí.

Tí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì: ìkànnì Kóòtù Àgbáyé, 9 nínú 10. Ti UN, 7, torí ó fẹ́ sùúrù. Ṣùgbọ́n ojú ìwé ipò àdéhùn yẹn nìkan tó 10. Zotero, 8, kí wọ́n wá àpótí fún àdéhùn. Ọmọ onítẹ̀wé náà ṣì ń bá mi tẹ̀wé. Mi ò kàn ní kó wá nǹkan mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wà nídìí igbá èfọ́ nígbà tí fóònù dún. Prọ̀f ni.

"Ìtọ́ka 52. Ìwé Maroua. O kọ ojú ìwé, o ò kọ ìpínrọ̀."

Mo nu ọwọ́ mi sára ìró. "265, sà."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà wọn. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Mo ti rí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.